Ojú Aago àti Àkísà Àgbà

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Inú òwe yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí wà. Ọ̀rọ̀ aago ọwọ́ ni. Kì í sì ṣe ti ẹ̀rọ inú rẹ̀, bí kò ṣe ti ojú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò wí pé, 'Kí ni ti akẹ́kọ̀ọ́ èdè nínú ọ̀rọ̀ aago? Ṣé kò rí gírámà kọ́ ni?' Kí olúwarẹ̀ jọ̀wọ́ ní sùúrù fún mi. Bí a bá dé ìdí ọ̀rọ̀ náà, yóò rí i pé iṣẹ́ kan náà ni ẹni tí ń yẹ ojú aago àtijọ́ wò àti ẹni tí ń yẹ ìwé àtijọ́ wò jọ ń ṣe. Àwọn méjèèjì ń béèrè lọ́wọ́ ohun tí ó wà níwájú wọn pé, 'Ǹjẹ́ ẹni tí o pe ara rẹ ni ọ́ ní tòótọ́?'

Nínú gbogbo aago, irú èyí tí a ń pè ní chronograph ni ìbéèrè yìí kàn jù. Yàtọ̀ sí pé ó ń sọ iye tí aago lù, ó ní bọ́tìnnì létí tí a fi ń mú kí ọwọ́ rẹ̀ kan gbéra, kí ó dúró, kí ó sì padà sí ipò rẹ̀, kí a lè mọ iye àkókò tí ẹṣin tàbí ènìyàn fi sáré. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì ni a so pọ̀ tí a fi rí orúkọ náà: ọ̀kan ni àkókò, èkejì ni kíkọ. Akọ̀wé àkókò ni ìtumọ̀ rẹ̀. Orúkọ yìí kò ṣàdédé wá. Ní ọdún 1821, Nicolas Rieussec, ará Faransé, gbé ẹ̀rọ kan lọ sí ibi ìdíje eré ẹṣin ní ìlú Paris. Bí ẹṣin kọ̀ọ̀kan bá ti ń dé òpin, ẹ̀rọ náà a máa kán tádàwà sí ojú aago tí ń yí. Ìwé gan-an ni ó ń kọ, ojú aago sì ni tákàdá rẹ̀.

Fún ọdún pípẹ́ ni gbogbo ayé fi ń pe Rieussec ní baba chronograph. Àfi ìgbà tí ó di ọdún 2013 tí a kéde pé aago kan wà tí Louis Moinet, ará Faransé mìíràn, ti parí ní ọdún 1816, tí ó sì ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ṣáájú. Ìrìn àwọn ìràwọ̀ ni Moinet ń fi tirẹ̀ wọ̀n. Ẹ ò rí i bí aago kan ṣoṣo, tí a yẹ̀ wò dáadáa, ti lè yí ohun tí ìwé ìtàn ti ń wí padà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé eré ọwọ́ àwọn olówó nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí.

Kí ọ̀rọ̀ mi má baà dà bí ọ̀rọ̀ tí a sọ sínú afẹ́fẹ́, ẹ jẹ́ kí n mú aago kan ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1957 ni ilé iṣẹ́ Omega, tí ó wà ní ìlú Bienne ní ilẹ̀ Switzerland, gbé aago kan jáde tí wọ́n sọ ní Speedmaster. Àwọn awakọ̀ eré ìje àti àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ni wọ́n ní lọ́kàn. Ojú rẹ̀ dúdú. Ojú kéékèèké mẹ́ta ni ó wà nínú ojú ńlá náà: ti òsì ń ka ìṣẹ́jú-àáyá, ti ọ̀tún ń ka ìṣẹ́jú títí dé 30, ti ìsàlẹ̀ ń ka wákàtí títí dé 12. Ọ̀dà tí ń tàn lókùnkùn ni a fi kun àwọn ìlà wákàtí rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 1965, lẹ́yìn tí àjọ NASA ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti fi ooru, òtútù àti ìgbọ̀nrìrì dán an wò, wọ́n fọwọ́ sí i fún àwọn tí ń lọ sí òfuurufú. Nígbà tí ó sì di oṣù keje ọdún 1969, Buzz Aldrin wọ ọ̀kan rìn lórí òṣùpá. Láti ìgbà náà ni aago awakọ̀ ti di ohun tí àwọn olówó ń du mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ohun tí àwọn ènìyàn bá sì ń du, ayédèrú rẹ̀ kì í jìnnà.

Kí a tó lè mọ ojú tòótọ́ yàtọ̀ sí ayédèrú, ó yẹ kí a mọ bí a ti ń ṣe é. Idẹ pẹlẹbẹ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. A ó gé e róbótó, a ó jó ẹsẹ̀ kéékèèké mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó lè dúró lórí ẹ̀rọ, a ó dán an, a ó sì kùn ún. Àwọn lẹ́tà orí rẹ̀, ọwọ́ kọ́ ni a fi ń kọ wọ́n. A ó gbẹ́ wọn sínú irin pẹlẹbẹ kan, a ó da tádàwà sí i, a ó sì nu ojú irin náà títí yóò fi ku kìkì tádàwà tí ó wà nínú ibi tí a gbẹ́. Nígbà náà ni a ó fi ohun rírọ̀ kan, tí ó dà bí ìrọ̀rí kékeré, tẹ̀ ẹ́ kí ó lè gbé tádàwà náà, a ó sì fi í tẹ ojú aago bí ẹni tẹ òǹtẹ̀. Ìdí nìyí tí etí lẹ́tà tòótọ́ fi máa ń mú ṣáṣá, tí lẹ́tà náà sì máa ń ga díẹ̀ kúrò lórí ọ̀dà, bí a bá fi awò tí ń mú nǹkan tóbi wò ó.

Wàyí o, ẹlẹ́rìí mẹ́ta ni mo fẹ́ pè.

Ẹlẹ́rìí kìíní ni ìwé tí a kọ sójú aago. Níhìn-ín ni akẹ́kọ̀ọ́ èdè ti lè fa àga kí ó jókòó. Bí ẹnìkan bá gbé lẹ́tà kan tọ̀ mí wá, tí ó ní baba-ńlá òun ni ó kọ ọ́ ní ọdún 1890, tí mo sì rí 'ayé', 'ènìyàn' àti 'wọ́n' nínú rẹ̀, níbi tí àwọn ará ìgbà náà ìbá ti kọ 'aiye', 'enia' àti 'nwọn', kò sí ìbúra tí yóò bú tí n ó fi gbà á gbọ́. Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 1974 ni ó fi ẹsẹ̀ àwọn èyí tí mo rí wọ̀nyí múlẹ̀. Òkú ọ̀run kò sì lè fi àkọtọ́ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ kọ̀wé. Ojú aago náà ní àkọtọ́ tirẹ̀. Lójú Speedmaster ti ọdún 1957, 'Omega' àti 'Speedmaster' ni a óò bá, ṣùgbọ́n a kì yóò bá 'Professional', nítorí pé nígbà tí ẹ̀wádún 1960 ti dé ìdajì ni ọ̀rọ̀ yìí tó bẹ̀rẹ̀ sí í hàn níbẹ̀. Àmì ilé iṣẹ́ náà, èyí tí í ṣe lẹ́tà ìkẹyìn nínú álífábẹ́ẹ̀tì Gíríìkì, irin ni wọ́n fi ṣe é tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú aago ní ìgbà ìṣáájú. Nígbà tí ẹ̀wádún náà ń lọ sópin ni wọ́n tó ń fi tádàwà tẹ̀ ẹ́. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ tí ń sọ pé ilẹ̀ Switzerland ni a ti ṣe é, lẹ́tà T kékeré kan wà lápá òsì àti òmíràn lápá ọ̀tún lójú àwọn aago ìgbà kan. T yìí kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán lè fò ó, ṣùgbọ́n òun ni ó mú wa dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rìí kejì.

Ẹlẹ́rìí kejì ni ọ̀dà tí ń tàn lókùnkùn. Ní ọdún 1898 ni Marie Curie àti ọkọ rẹ̀ Pierre ṣe àwárí radium. Kò pẹ́ tí àwọn aláago fi bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó mọ́ ọ̀dà, tí nọ́ńbà aago sì ń tàn lóru láìsí àtùpà. Ní ìlú Orange ní ìpínlẹ̀ New Jersey, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ni wọ́n gbà síṣẹ́ láti máa kun ojú aago wọ̀nyí. Wọ́n kọ́ wọn pé kí wọ́n máa fi ètè pọ́n ẹnu búrọ́ọ̀ṣì kí ó lè mú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé radium mì lójoojúmọ́. Eyín bẹ̀rẹ̀ sí í ré, egungun àgbọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú. Ní ọdún 1927, Grace Fryer àti àwọn obìnrin mẹ́rin mìíràn gbé ilé iṣẹ́ náà lọ sí ilé ẹjọ́. Ní ọdún 1928 ni wọ́n parí ẹjọ́ náà pẹ̀lú owó ìtanràn. Ẹni tí ń yin ẹwà ojú aago àtijọ́, kò yẹ kí ó gbàgbé ọwọ́ tí ó kùn ún.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wádún 1960 ni tritium, tí ewu rẹ̀ kéré púpọ̀, gba ipò radium, T tí mo mẹ́nu kàn sì ni àmì rẹ̀. Nítorí náà, ojú aago tí ó bá ní T, tí ẹni tí ń tà á sì ní ọdún 1957 ni wọ́n ṣe é, ti ta ko ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe lẹ́tà nìkan ni ó ń jẹ́rìí. Ọ̀dà fúnra rẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀. Láàárín nǹkan bí ọdún 12 ni ìlàjì agbára tritium máa ń lọ. Bí ó bá pé 60 ọdún, ohun tí ó kù kò ju bí ìdá kan nínú 30 lọ, kò sì lè tàn mọ́. Radium ní tirẹ̀ yóò lo nǹkan bí 1,600 ọdún kí ìlàjì rẹ̀ tó lọ; ṣùgbọ́n àwọn ohun tí a pò mọ́ ọn, tí ó ń mú tàn, ti jóná tipẹ́. Bí a bá gbé ẹ̀rọ Geiger sún mọ́ ojú aago bẹ́ẹ̀, yóò máa ké, bẹ́ẹ̀ ni aago náà dúdú kirikiri lóru. Ti tritium kò lágbára tó láti la dígí kọjá, nítorí náà ẹ̀rọ náà yóò dákẹ́. Bí a bá wá rí aago tí wọ́n ní ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní 60 ọdún, tí ó rí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tí ó sì ń tàn yòò fún wákàtí mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, kí a yáa mọ̀ pé ọ̀dà ayé òde òní, irú èyí tí àwọn ará Japan ṣe ní ọdún 1993, ni ó wà lára rẹ̀. Àgbàlagbà tí ń fò bí ọmọ ọdún méje, ẹ wò ó wò kí ẹ tó kí i.

Ẹlẹ́rìí kẹta ni ọjọ́ ogbó fúnra rẹ̀, òun sì ni àkísà tí òwe wa ń sọ. Oòrùn, ọ̀rinrin àti ọ̀dà tí kò pò dáadáa a máa sọ ojú aago dúdú di àwọ̀ èso kòkó gbígbẹ. Nítorí oòrùn yìí ni àwọn tí ń kó aago jọ ṣe ń pe irú ojú bẹ́ẹ̀ ní ojú ilẹ̀ olóoru. Ohun tí àwọn tí ó ṣe é ìbá kà sí àbùkù, òun ni àwọn ènìyàn wá ń san owó gọbọi lé lórí báyìí. Ogbó tòótọ́ a sì máa bá ara rẹ̀ mu. Bí ọ̀dà orí ìlà wákàtí bá ti pọ́n bí oyin, ó yẹ kí ti orí ọwọ́ aago fara jọ ọ́. Bí ọwọ́ aago oní-radium bá sì dúró sí ojú kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, radium náà a máa jó ibẹ̀, òjìji ọwọ́ náà yóò sì hàn lójú aago. Bí òjìji náà bá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọwọ́ tí ó wà níbẹ̀ lónìí sì fẹ̀, a ti mọ̀ pé ọwọ́ onílé ọ̀tọ̀ ni.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe yára pe gbogbo ẹni tí ó tún ojú aago ṣe ní olè. Láyé àtijọ́, bí ènìyàn bá gbé aago rẹ̀ lọ fún àtúnṣe, tí ojú rẹ̀ ti di àbàwọ́n, ẹni tí ń tún un ṣe lè pa ọ̀dà rẹ̀ rẹ́ kí ó kun òmíràn, tàbí kí ilé iṣẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ sí tuntun. Inú oníaago a sì dùn, nítorí ohun tí ó fẹ́ kò ju pé kí aago òun mọ́ lọ. Ó dà bí ọmọ tí ó da lẹ́tà baba rẹ̀ kọ sínú ìwé tuntun ní àkọtọ́ tuntun, nítorí pé kòkòrò ń jẹ ti àkọ́kọ́. Kò purọ́. Ìgbà tí ó bá gbé ẹ̀dà náà jáde tí ó ní ọwọ́ baba òun gan-an ni ó kọ ọ́, ìgbà náà ni ó di òpùrọ́. Àtúnṣe kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Fífi àtúnṣe pamọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ìdí tí ènìyàn yóò fi ṣe irú wàhálà bẹ́ẹ̀, kí ó gbọ́ ti aago Rolex Daytona tí ó jẹ́ ti Paul Newman, òṣèré sinimá ará Amẹ́ríkà tí ó tún máa ń wa ọkọ̀ eré ìje. Ìyàwó rẹ̀, Joanne Woodward, ni ó fún un, tí ó sì jẹ́ kí wọ́n fín in sẹ́yìn rẹ̀ pé kí ó máa rọra wakọ̀. Irú ojú tí aago náà ní, nígbà tí ó jẹ́ tuntun, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fẹ́ ẹ. Ojú lásán ni ó sì fi yàtọ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí ẹ̀rọ kan náà ni ó wà nínú wọn. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2017, wọ́n lù ú ní gbàǹjo ní ìlú New York, ó sì pa 17,752,500 dọ́là. Òkìkí Newman ni ó gbé ti èyí ga tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ní irú ojú yìí náà wọ́n ju àwọn tí kò ní i lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Níbi tí idẹ róbótó kan bá ti lè sọ aago di ọlọ́lá, Èṣù kì yóò ṣàìrí iṣẹ́ ṣe.

Ó wá rí iṣẹ́ náà ṣe ní Geneva. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé gbàǹjo Phillips na Speedmaster kan, ti ẹ̀yà àkọ́kọ́ pàá tí ó jáde ní 1957, sí àwọn olùrà. Ojú rẹ̀ ti di àwọ̀ kòkó, ó sì lẹ́wà púpọ̀. Wọ́n ti fojú díwọ̀n rẹ̀ pé yóò tó 80,000 sí 120,000 faranki Switzerland. Nígbà tí gbàǹjo parí, 3,115,500 faranki ni ó pa. Ta ni ó rà á? Omega fúnra rẹ̀ ni, fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ìwé ìròyìn Neue Zürcher Zeitung tú àṣírí náà: aago náà kì í ṣe odidi kan láti ìbẹ̀rẹ̀; ẹ̀yà ara oríṣiríṣi aago ni wọ́n kó jọ tí wọ́n fi ṣe é. Ilé iṣẹ́ náà sì kéde pé mẹ́ta nínú àwọn tí ó ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn rí ni ọwọ́ wọn wà nínú rẹ̀, àti pé ọ̀kan nínú wọn, láti inú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ni ó rọ àwọn ọ̀gá pé aago náà kò gbọdọ̀ bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ẹni tí ó bí ọmọ ni wọ́n gbé ọmọ ẹlòmíràn fún, ó sì fi owó ńlá gbà á. Ilé gbàǹjo fọwọ́ sí i, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fọwọ́ sí i, síbẹ̀ irọ́ ni. Níhìn-ín ni òwe àwọn baba wa ti dé ojú ogun. Òótọ́ ni pé ọmọdé kò lè ní àkísà bí àgbà. Ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà kan, tí ó mọ àkísà í mọ̀, bá jí àkísà àgbà mẹ́rin kó, tí ó gán wọn pọ̀, tí ó sì gbé e wọ ọmọdé ńkọ́? Àkísà tòótọ́ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Aṣọ náà ni irọ́.

N kò rò pé òwe náà ṣubú. Ohun tí ó kọ́ wa ni pé kí a má ṣe ka àkísà nìkan, kí a wo bí ihò inú wọn ti bá ara mu. Bí a bá yẹ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, gbogbo wọn lè jẹ́ àtijọ́. Ìbéèrè tí ó kù ni bóyá wọ́n jọ gbé inú ilé kan náà dàgbà. Lẹ́tà, ọ̀dà, òjìji ọwọ́ aago, àwọ̀ etí ojú rẹ̀ tí dígí bò àti àwọ̀ àárín rẹ̀ tí oòrùn ń pa, gbogbo wọn ni a gbọ́dọ̀ pè papọ̀ kí ọ̀rọ̀ wọn dọ́gba. Ìwé ẹ̀rí tí a bá kó tẹ̀ lé e dára, ṣùgbọ́n ènìyàn ni ó kọ ọ́, ènìyàn sì lè gba rìbá. Òjìji ọwọ́ aago kì í gba rìbá.

Ẹ̀kọ́ yìí ni mo rò pé ó tọ́ sí àwa tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Lójoojúmọ́ ni a ń gbé ìtàn ìlú, oríkì, lẹ́tà àwọn àgbà àti ìwé àwọn míṣọ́nnárì ka iwájú wa. Ìgbà mìíràn ẹ̀wà wọn a máa wọ̀ wá lójú, ìgbà mìíràn a sì máa gba orúkọ ńlá tí ó mú wọn wá gbọ́ ju ohun tí ojú wa rí lọ. Kí a máa fi sùúrù aláwò aago wò wọ́n. Kí a béèrè àkọtọ́ wọn, kí a béèrè tádàwà wọn, kí a béèrè bóyá ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin wọn jọ dàgbà. Bí a bá bá àtúnṣe níbẹ̀, kí a má ṣe jù wọ́n nù; kí a kàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé a tún un ṣe. Bí a bá sì bá irọ́ níbẹ̀, kí a má ṣe bẹ̀rù láti wí i, ìbáà jẹ́ pé ààfin ọba ni ó ti wá. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà, àwọn baba wa wí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá lè wo ojú, kò sí bí yóò ti ṣe mọ ọ̀rọ̀.